Ṣé Àìsàn Àná Ló Jí, àbí Tuntun Ló Wọlé?

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú méje, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń ṣú, ni iṣẹ́ ayé mi bẹ̀rẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan ní Ifọ̀. Mo rántí aago náà dáadáa nítorí pé ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún mi kò tíì dáhùn ìkíni mi tó fi wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo sọ," ó ní. "Kòkòrò tí mo gbìn lánàá ti jí ṣáájú rẹ."

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti fẹ̀yìntì ló ń kọ ìtàn iṣẹ́ ayé wọn, àwọn tí ewú ti kún orí wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe yẹn, ṣùgbọ́n mo ní àkísà. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi wà nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí ẹ bá ka ìgbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn, oṣù mẹ́ta sì rèé tí mo ti fẹ̀yìntì. Bóyá wọ́n lé mi ni, bóyá èmi ni mo kúrò, ẹ óò fúnra yín dájọ́. Ìfẹ̀yìntì lèmi ń pè é.

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù èébú. Ẹ̀rù pé ọmọ kan tó ń ro iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wò á ka èyí, á sì sá ni. Má sá. Kà á tán ná.

Alàgbà Túnbọ̀sún ni ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ti ṣiṣẹ́ láàbù ní ọsibítù ìjọba títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi, ó wá lo ìsinmi rẹ̀ láti ṣí láàbù oníyàrá méjì. Ilé-ẹ̀kọ́ mi ló rán mi sí i fún oṣù mẹ́fà kí n lọ kọ́ṣẹ́. Àpótí pákó tó ní gílóòbù iná kan nínú ló fi ń mú kí kòkòrò àìsàn hù, torí pé inú rẹ̀ máa ń móoru bí ara ènìyàn. Bí iná bá lọ, a ó fi aṣọ ìbora wé àpótí náà bí ọmọ tuntun.

Òfin rẹ̀ pọ̀. A kì í fi bírò kọ orúkọ sára bébà tí a lẹ̀ mọ́ ìgò, pẹ́ńsùlù ni, torí pé bírò máa ń ṣí bí omi bá kàn án. A kì í sọ pé "mo rò pé" nínú láàbù. Bí o bá rò, lọ wò ó. Èyí tó le jù nínú wọn ni pé a kò gbọ́dọ̀ da kòkòrò ẹnikẹ́ni nù títí ara ẹni náà á fi le fún ọdún kan gbáko. Bí a bá ti rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí a sì ti kọ èsì, àwọn láàbù mìíràn á pa á, wọ́n á fọ abọ́. Alàgbà á bù díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, á kọ orúkọ sí i, á tò ó.

Ọjọ́ tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó dá mi dúró nídìí síǹkì, ó ní:

"Mosúnmọ́lá, bí o bá lé olè jáde nílé, tí o tún bá olè nílé lóṣù kejì, kí lo máa kọ́kọ́ bi ara rẹ?"

"Bóyá mo máa ké sí ọlọ́pàá, sà."

"Ọlọ́pàá Ifọ̀? O ṣeun. Ohun tí o máa bi ara rẹ ni pé ṣé èyí tí o lé kò jáde ni, àbí ó jáde, òmíràn ló gba ilẹ̀kùn wọlé. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sá sí, wàá gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló ṣí, o lè gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì di ọ̀la, wọn á máa wọlé ni."

"Báwo ni èèyàn á ṣe wá mọ̀ ọ́n, sà?"

"Á tọ́jú àwòrán olè àkọ́kọ́. Ó yá, fọ ìgò."

Ohun tí mo fi ọdún mẹ́wàá ṣe nìyẹn. Aláìsàn kan gba oògùn, ara rẹ̀ yá, ibà náà tún dé. Ṣé èyí àtijọ́ kò kú tán ni, àbí tuntun ló tún kó? Láti òkèèrè, ibà kan náà ni méjèèjì, orí fífọ́ kan náà, inú rírun kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ó gbà kojú wọn yàtọ̀. Bó bá jẹ́ àtijọ́, oògùn la máa yẹ̀ wò, àti ibi tí kòkòrò náà sá pamọ́ sí lára. Bó bá jẹ́ tuntun, omi, oúnjẹ àti àwọn tó yí aláìsàn ká la máa yẹ̀ wò, torí pé ẹlòmíràn ló kàn.

Mo ní láti sọ nípa ìkòkò báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tì mí lójú. Ìkòkò ńlá onídèérí líle kan la fi ń se àwọn ìgò tí a fẹ́ dà nù, kí kòkòrò inú wọn lè kú. Ìdérí pupa ni ti àwọn tó máa kú, ìdérí búlúù ni ti àwọn tó máa wà. Lóṣù karùn-ún mi, ìdérí búlúù tán. Mo fi pupa dé ìgò mẹ́rìndínlógún tó yẹ kó wà, mo ní màá pààrọ̀ rẹ̀ bó bá yá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ẹtì tí a ń gbálẹ̀ láàbù, èmi fúnra mi, pẹ̀lú orin lẹ́nu, ni mo kó gbogbo pupa sínú ìkòkò. Mo sè wọ́n jinná.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Sọjí, onígbàjámọ̀ kan tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní táífọ́ọ̀dì, ti bá jà nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ibà rẹ̀ padà. Dókítà rẹ̀ bi wá pé, "Ti àtijọ́ ni àbí tuntun?" A ò ní ohun tí a lè fi wé e. Dókítà gbà pé tuntun ni, ó tún fún un ní oògùn ti àkọ́kọ́. Oògùn náà kò ràn án; ó jọ pé èyí àtijọ́ tí kò kú tán ni. Ìfun rẹ̀ lu, wọ́n sì ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Alàgbà kò jágbe mọ́ mi. Ìbá sàn kó jágbe. Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sínú ìwé kan, kí n sì lọ sọ ohun tí mo ṣe fún Sọjí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù, omijé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi já geere. Ó gbọ́ tán, ó wá ní:

"Àǹtí, ẹ sè é?"

"Mo sè é."

"Ṣé ẹ fi ata sí i?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú abẹ kò jẹ́ kó lè rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣàlàyé èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo dà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ojúgun jìnnà sí ọkàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta á ní òkúta, ọkàn ló ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹni tó fẹ́ da ìgò nù, àyà mi a máa já.

Mo parí ẹ̀kọ́, mo di agùnbánirọ̀, mo bọ́ agùnbánirọ̀, láàbù ńlá kan ní Mowe gbà mí. Nípa bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fo ibẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àpótí tó ń móoru fúnra rẹ̀, tí nọ́ńbà sì ń tàn lójú rẹ̀. Fíríísà tún wà níbẹ̀, tí kòkòrò lè sùn nínú gílísírìn, omi kíki kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì tún jí. Mo bẹ Ọ̀gá tó ni láàbù náà títí ó fi fún mi ní igun kan, kò ju páálí bàtà lọ. Ibẹ̀ ni mò ń to ìgò mi sí.

Ṣùgbọ́n ìgò kọ́ ni wọ́n ń tà ní Mowe. Bí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú títì márosẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ bá mi ṣe malaria àti typhoid." Ohun tí a ń ṣe fún un ni àyẹ̀wò Wídàlì. A ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí táìlì funfun, a ó po oògùn kan mọ́ ọn, bó bá dì, a ó ní táífọ́ọ̀dì wà. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, oníbàárà ti ń lọ. Ohun tí wọn kì í sọ fún un ni pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àìsàn náà ti kúrò lára rẹ̀ lè máa dì bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí àpá ni, àpá kì í sì í ṣe egbò. Bí ibà bá tún mú un, Wídàlì kò lè sọ bóyá àtijọ́ ni tàbí tuntun, bóyá kì í tilẹ̀ ṣe táífọ́ọ̀dì rárá.

Ọ̀gá máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Mosún àgbẹ̀! Oníbàárà fẹ́ èsì nísinsìnyí, ìwọ ń dáko kòkòrò." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màá gbin tèmi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn kí Ìyá Rúkà tó dé. Ará Ọ̀ṣun ni, ó gba yàrá kan ní Ibafo, òun ló ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan níbẹ̀. Táífọ́ọ̀dì mú un, a gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a rí kòkòrò náà. Kòkòrò líle ni, oògùn mẹ́rin ni kò ràn án. Abẹ́rẹ́ ni dókítà fi lé e. Mo tọ́jú ìgò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, obìnrin náà tún wọlé, ojú rẹ̀ ti jìn.

"Àǹtí Mosún, ó tún ti dé o."

"Ṣé ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn tán?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mo gbà á tán. Ìdí mi méjèèjì le bí pákó!" Ló bá bú sẹ́kún. "Bàbá onílé ní inú ikùn mi ni àìsàn náà ń gbé. Wọ́n ní èmi ni mo kó o ran ọmọ yàrá kejì, kí n kó ẹrù mi. Ẹni tó ni ilé-ìwé ní kí n mú ìwé wá láti láàbù. Bó bá jẹ́ èyí àtijọ́ ló jí, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò àwọn mọ́ láéláé."

Ẹ rí i, ilé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìdáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, ìbéèrè tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Inú mi bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ara mi sì yá gágá nítorí iṣẹ́ náà, ara yíyá yẹn wá dójú tì mí. Mi ò mọ̀ bóyá irú rẹ̀ máa ń ṣe àwọn ẹlòmíràn.

Mo gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbin ti ọmọ yàrá kejì náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan. Kòkòrò hù lára àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n gbogbo oògùn ló ń pa wọ́n. Ti àkọ́kọ́ tí oògùn mẹ́rin kò ràn ńkọ́? Mo fò sókè. Mo pe Alàgbà.

"Tuntun ni, sà! Kò jọ ti àkọ́kọ́!"

"Jókòó," ó ní. "Kòkòrò lè kọ́ ìjà, ó sì lè gbàgbé ìjà. Ìwà lo wò yẹn. Lọ wo ẹ̀jẹ̀ ìran rẹ̀."

Èyí ni irinṣẹ́ tuntun tí kò sí nígbà àpótí pákó. Ọ̀rẹ́ mi kan, Bọ̀dé, wà ní láàbù yunifásítì kan ní Abẹ́òkúta níbi tí ẹ̀rọ wà tó ń ka gbogbo ohun tí a kọ sínú kòkòrò láti orí dé ẹsẹ̀, èyí tó ń fi ìran rẹ̀ hàn. Mo di ìgò mẹ́ta náà, mo kó wọn ránṣẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi jẹun dáadáa. Nígbà tó pè mí, ó ní kòkòrò àkọ́kọ́ Ìyá Rúkà àti ìkejì kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í tilẹ̀ ṣe mọ̀lẹ́bí tó súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n ìkejì yẹn àti ti ọmọ yàrá kejì, ìbejì ni wọ́n.

Èyí àtijọ́ ti kú. Ilẹ̀kùn kan ló ṣí nínú ilé yẹn. Alàgbà ní ìyẹn kò tíì sọ ilẹ̀kùn wo. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì mu nǹkan kan náà, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan kó o ran èkejì. Nítorí náà mo lọ sí Ibafo fúnra mi. Kànga wà láàárín àgbàlá, gbogbo ilé ló ń fà á. Bàbá onílé ti kọ́ yàrá tuntun mẹ́rin sẹ́yìn ilé, ó sì gbẹ́ sókàwéè wọn, ìyẹn kòtò ìgbẹ́, síbi tó rí àyè. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Mo bu omi náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò rí kòkòrò táífọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀, òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ, ó ṣòro láti bá nínú omi. Ṣùgbọ́n kòkòrò inú ìgbẹ́ kún un dẹ́nu.

Mo tún gba ìgbẹ́ Ìyá Rúkà lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò gbé àìsàn kiri.

Mo kọ èsì náà, mo mú un lọ bá Ọ̀gá kó fọwọ́ sí i. Ohun tí mi ò rò ni pé ilé bàbá onílé kan náà ni Ọ̀gá ti gba ṣọ́ọ̀bù fún ẹ̀ka tí a fẹ́ ṣí ní Ibafo.

"Kí ni kànga ń wá nínú èsì ẹ̀jẹ̀?" ó bi mí.

"Ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti wá, sà."

"Kọ ọ́ pé ó padà. Wídàlì rẹ̀ ga nígbà àkọ́kọ́, ó ga nísinsìnyí. Ó padà nìyẹn."

"Àpá ni Wídàlì rí, sà. Kò padà. Tuntun ni."

"Mosún, ta ló ń san owó oṣù rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ gbin kòkòrò náà."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ẹ má rò pé akíkanjú ni mí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú abẹ Sọjí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kọ "ó padà", wọn á lé obìnrin yẹn jáde, kànga á wà níbẹ̀, ọmọ mìíràn á mu ún. Mo fọwọ́ ara mi sí ìwé náà, mo sì fún Ìyá Rúkà. Ọ̀gá ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kó ìgò mi sínú páálí bàtà, kí n máa lọ. Mo gbé e. Mo fi píọ̀ wọ́tà dídì mẹ́fà yí i ká, mo sì gbé e dé fíríísà tí Alàgbà ti rà báyìí ní Ifọ̀ kí yìnyín tó yọ́ tán. Ìfẹ̀yìntì mi nìyẹn. Kò sí káàdì, kò sí àkàrà òyìnbó.

Ẹni tó ni ilé-ìwé pe Alàgbà, tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí, ó bi í ní ìbéèrè bí agbẹjọ́rò, ó sì dá Ìyá Rúkà padà sídìí ìkòkò. Bàbá onílé fi irin dé kànga. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Rúkà pè mí.

"Àǹtí, wọ́n ti ṣí i o. Wọ́n ti ń fà á."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ títí. Wọ́n ní omi yẹn làwọn ti ń mu kí wọ́n tó bí yín. Èmi ń se tèmi. Bàbá onílé ní kí ìwé tí ẹ kọ lọ pọnmi fún wọn."

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí mo ń wá kò sí ní ìjókòó. Ọ̀gá tèmi sì ti ránṣẹ́ pé kí n padà, òun á fi mí ṣe olórí ẹ̀ka Ibafo, bí mo bá lè kọ ìwé kan péré pé mo ṣi èsì yẹn kọ. Ìyá mi ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní òótọ́ kì í sanwó ilé. Mo gbọ́, mo sì ń ronú, torí pé ìyá mi ni, kò sì sí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ yìí wò, iṣẹ́ gidi ni, ẹ wá ṣe é. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ṣe é gbó ni mo ń bi báyìí, tọkàntọkàn. Ìdílé méje ló ń mu omi kànga yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ wà nínú márùn-ún wọn. Mi ò ní láàbù tó lè fọwọ́ sí ìwé mi, mi ò ní òǹtẹ̀, òjò sì ti sún mọ́lé. Ṣé kí n lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí bàbá onílé wá ní mo ba òun lórúkọ jẹ́? Ṣé kí n jókòó síwájú ọ́fíìsì wolé-wolé títí ẹni náà á fi dé? Àbí ọ̀nà kan wà tí ẹ mọ̀, tí èmi kò mọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi ohun tí mo lè ṣe. Ẹ má kàn sọ pé kí n lọ tọrọ àforíjì.